Àpótí Mẹ́jọ Lórí Ilẹ̀: Ìtàn Àwòrán, Ẹsẹ Àkọ́sórí àti Ìgbẹ́kẹ̀lé Nínú Ọlọ́run

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n ní kí n wá ka Sáàmù 121 láìwo ìwé níwájú ìjọ ní ọjọ́ ìkórè àwọn ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kà á ní àkàtúnkà. Nígbà tí mo dé iwájú, ẹsẹ kejì ni mo sọ tán tí gbogbo rẹ̀ fi parẹ́ lọ́kàn mi. Mo dúró bí ère. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, ìyá mi ń mi ètè láti ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo bú sẹ́kún, mo sì sá padà sí ìjókòó mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà kò lọ sí iléèwé rí. Ó mú èédú kan nídìí ààrò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ya àpótí mẹ́jọ sórí ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ó ní, "Àṣàkẹ́, orí rẹ kò burú. O kò tíì rí ọ̀rọ̀ náà ni. Fi ojú rí i kí o tó fi ẹnu sọ ọ́."

Sáàmù náà ní ẹsẹ mẹ́jọ, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sì ní àpótí tirẹ̀. Nínú àpótí kìíní, ó ya ojú méjì tó ń wo òkè. Òkè náà kò jọ òkè mìíràn bí kò ṣe Olúmọ, ó tilẹ̀ ya ihò abẹ́ rẹ̀. Nínú èkejì, ó ya àwọsánmà lókè àti ilẹ̀ nísàlẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ó ya ẹsẹ̀ kan tó dúró ṣinṣin lórí àpáta. Nínú ẹ̀kẹrin, ojú tí kò padé. Nínú ẹ̀karùn-ún, igi odán kan tó ní ìbòòji wà ní ọwọ́ ọ̀tún ènìyàn kan. Nínú ẹ̀kẹfà, oòrùn wà ní apá kan, òṣùpá wà ní apá kejì. Nínú ẹ̀keje, ọwọ́ ńlá kan bo ọmọ kékeré mọ́lẹ̀. Nínú ẹ̀kẹjọ, ó ya ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ipa ẹsẹ̀ kan ń jáde, òmíràn ń wọlé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti mọ Sáàmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Títí di òní, bí wọ́n bá jí mi ní òru, mo lè kà á.

Mo bi ìyá àgbà pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà èwe òun ni. Mo tún béèrè pé ta ló kọ́ obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ tí ò ń lọ sí iléèwé ni kí o bá mi wá a." Àròkọ yìí ni ìdáhùn tí mo rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé kí ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá rárá, àwọn baba wa ti ń fi ojú kọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo àrokò. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí omidan, ẹ̀fà ni ó ń pè, ó ń sọ pé ọkàn òun fà sí i. Bí omidan náà bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ẹ̀jọ ni, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Owó ẹyọ méjì tí a so ní ojúkojú ń sọ ti ìfẹ́. Èyí tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra ń sọ ti ìjà. Kò sí lẹ́tà a-b-d kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí a rán an sí yóò rí i, yóò sì ka ọ̀rọ̀ jáde láti inú rẹ̀.

Bákan náà ni ti Ifá. Odù Ifá jẹ́ 256, ìyẹn mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún, odù kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ. Babaláwo kì í ṣí ìwé. Ó máa ń fi ìka tẹ ojú odù sórí ìyẹ̀rosùn nínú ọpọ́n, bí ó bá ti rí ojú odù náà, ẹsẹ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Onígbàgbọ́ ni mí, n kì í sì í ṣe ọmọ awo. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni òótọ́ ń jẹ́: àwọn ènìyàn tó mọ bí a ṣe ń fi àmì orí ọpọ́n rántí ọ̀rọ̀ gígùn kò ṣe aláìní ìmọ̀. Ó tilẹ̀ yẹ kí a kíyè sí i pé ẹsẹ ni à ń pe ti Ifá, ẹsẹ náà ni à ń pe ti Bíbélì.

Ohun kejì tí mo rí ni pé àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ òkèèrè náà lo àwòrán. Ní nǹkan bí ọdún 600, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Marseille, tó ń jẹ́ Serenus, ń fọ́ àwọn àwòrán inú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nítorí pé àwọn ènìyàn ń bọ wọ́n. Póòpù Gregory Kìíní kọ̀wé sí i. Ó yìn ín pé kò fẹ́ kí a bọ ère, ṣùgbọ́n ó bá a wí nítorí pé ó fọ́ wọn, ó ní ohun tí ìwé jẹ́ fún ẹni tó mọ̀wé kà ni àwòrán jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ní ọdún 1866, ní ìlú London, oníwàásù Charles Spurgeon wàásù nípa ìwé kékeré kan tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ojú ewé mẹ́ta péré ni ó ní: dúdú fún ẹ̀ṣẹ̀, pupa fún ẹ̀jẹ̀ Jésù, funfun fún ọkàn tí a ti wẹ̀ mọ́. Ní 1875, D. L. Moody ti Amẹ́ríkà fi àwọ̀ wúrà kún un fún ọ̀run. Àwọn ajíhìnrere gbé ìwé yìí ká gbogbo ayé, àwọn olùkọ́ ọmọdé sì ń lò ó títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ọmọ Òṣoògùn kan tí kò ju mí lọ nígbà tí ìpọ́njú dé bá a.

Ní ọdún 1821, àwọn ogun kó Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Wọ́n kó Àjàyí, ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á sínú ọkọ̀ ẹrú. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown, ní Sàró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi í sí iléèwé. Wọ́n ní ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ iléèwé, ó lọ tọrọ owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tí wọ́n jọ wá láti ilẹ̀ kan náà, ó sì fi ra káàdì a-b-d tirẹ̀. Mo máa ń rò nípa káàdì yẹn. Ọmọ tí kò ní ìyá, tí kò ní ilé, tí kò mọ ibi tí ọ̀la yóò gbé e lọ, wá ohun kan tí ojú rẹ̀ lè máa wò títí yóò fi wọlé sí i lọ́kàn.

Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, ó sì di Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1843 ó di àlùfáà, ó sì tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún kan náà. Ní 1846, òun àti Henry Townsend pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá sí Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830 nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé. Nínú Oṣù Kẹjọ 1846, ìyá rẹ̀, Àfàlá, wá bá a. Ọdún márùn-dínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ya ara wọn. Àwọn tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ sọ pé wọ́n kàn ń wo ara wọn ni, ọ̀rọ̀ kò lè jáde. Ní 1848 ìyá náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Hánnà, nítorí pé Hánnà ni ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì.

Ẹ kíyè sí i pé kò tíì sí Bíbélì Yorùbá nígbà náà. Ìwé Róòmù tí Crowther túmọ̀ jáde ní 1850, gbogbo Bíbélì kò sì parí títí di 1884. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta kò mọ̀wé kà. Etí ni wọ́n fi gbọ́ Òfin Mẹ́wàá àti Àdúrà Olúwa, ọkàn ni wọ́n fi pa wọ́n mọ́. Ní 1849 inúnibíni dé. Wọ́n kó ẹrù àwọn onígbàgbọ́ mìíràn lọ, wọ́n na àwọn mìíràn, wọ́n sì kan àbà mọ́ àwọn mìíràn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí wọ́n kan àbà mọ́ lẹ́sẹ̀ kò lè lọ mú ìwé lórí tábìlì. Ohun tó bá ti wà lọ́kàn rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà nìkan ni yóò rí lò. Nígbà tí mo ronú kan èyí, mo wá mọ̀ pé ẹsẹ àkọ́sórí tí à ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kì í ṣe eré ọmọdé. Oúnjẹ ọjọ́ ìyàn ni.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àwòrán àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tún pàdé ní ilẹ̀ wa lọ́nà tó lárinrin. Ní 1947, àwọn fádà Kátólíìkì láti ilẹ̀ Ireland dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Oyè-Èkìtì. Fádà Kevin Carroll wà níbẹ̀. Kàkà kí ó kó ère òyìnbó wá, ó pe àwọn agbẹ́gilére wa. Bándélé, ọmọ gbajúgbajà agbẹ́gilére kan ní Ọ̀sì, gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù. Àwọn amòye tó gbẹ́ wọ aṣọ bí ọba ilẹ̀ Yorùbá. Lamidi Fákẹ́yẹ láti Ìlá Ọ̀ràngún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ó gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé kà, bí ó bá rí amòye nínú agbádá, kò ní í béèrè pé ta nìyí. Yóò mọ̀ pé ọba ni, yóò sì mọ̀ pé ọba náà kúnlẹ̀ fún ọmọ kékeré kan. Ìdí nìyí tí ìyá àgbà fi ya Olúmọ sínú àpótí kìíní. Òkè tí a ti fi ojú rí ni ọkàn máa ń rántí.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti wá rí ohun tí ìyá àgbà ti mọ̀. Ní 1916 ni mo kọ́kọ́ rò pé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ yóò ti wà, àfi ìgbà tí olùkọ́ wa fi hàn mí pé ti òde òní ni, pé 2016 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde láti Yunifásítì Waterloo ní Kánádà. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀, wọ́n ní kí wọ́n kọ àwọn kan sílẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yà ni wọ́n rántí jù, kódà àwọn tí kò mọ àwòrán yà. Ìdí ni pé ẹni tó ń yàwòrán ní láti ronú lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ sì ń wò ó. Okùn onífọ́nrán mẹ́ta kì í tètè já.

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ ìrántí ni mo ń sọ. Ó ku ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé, èyí sì ni mo kọ́ ní ọdún tó kọjá.

Ìyá mi lóyún. Ní òru ọjọ́ kan, nígbà tí òjò ń rọ̀, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ṣáájú àsìkò. Bàbá mi sáré pe aládùúgbò wa tó ní mọ́tò, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi, àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́fà àti ìyá àgbà ló kù sílé. Kò sí iná. Àbúrò mi ń sunkún, ó ń béèrè ṣáá pé, "Ṣé mọ́mì máa padà wá?" N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo sì ya àpótí mẹ́jọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wa. A jọ ń nàka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, a jọ ń sọ ọ́. Nígbà tí a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin tàbí ẹ̀karùn-ún, ó sùn lọ. Èmi náà sùn. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí ilẹ̀ mọ́ pé mo sùn.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá mi padà wálé. Ọmọ náà kò bá a wá.

Mo wo àpótí kẹjọ, ilẹ̀kùn tó ní ipa ẹsẹ̀ tó ń jáde àti èyí tó ń wọlé, inú sì bí mi. Mo mú aṣọ tútù, mo nu àpótí náà kúrò. Méje ló kù. Ìyá àgbà rí i, kò bá mi wí. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, n kò sọ Sáàmù náà mọ́. Àbúrò mi á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́, á dúró ní ẹ̀keje, á sì máa wò mí.

Ní ọjọ́ kan tí mo dé láti iléèwé, mo rí i pé ẹnì kan ti tún àpótí kẹjọ yà. Ilẹ̀kùn inú rẹ̀ wọ́, ipa ẹsẹ̀ náà sì dà bí ẹ̀wà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ ìyá àgbà. Ìyá mi ni. Mo lọ bá a nínú yàrá, mo ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ yà á?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn kò yé mi, n kò sì ní í parọ́ fún ọ pé ó yé mi. Ṣùgbọ́n Ẹni tó bá mi jáde ló bá mi wọlé. N kò dá rìn." A jọ sunkún. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wa ka àpótí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn Àfàlá pẹ̀lú ojú mìíràn. Àwa tí à ń kà á lónìí mọ̀ pé yóò rí ọmọ rẹ̀ ní 1846. Òun kò mọ̀. Ní ọdún kẹwàá, ní ọdún ogún, kò sí ẹni tó lè sọ fún un bí ọmọ náà bá wà láàyè. Bákan náà ni àwọn tí wọ́n kan àbà mọ́ lẹ́sẹ̀ ní 1849 kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò tú wọn sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìgbẹ́kẹ̀lé nínú Ọlọ́run ni kí ó dá mi lójú pé ohun tí mo béèrè ni yóò ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rí nínú ìtàn, tí mo sì rí lójú ìyá mi, ni pé kí a di Ọlọ́run mú nígbà tí a kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ó sì ṣòro láti di ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni mú. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ẹsẹ sórí kí òru tó dé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, bí ọmọ kan bá gbàgbé ẹsẹ rẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé olódo ni. Ẹ fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ bá àwọn ọmọ yín jókòó kí ẹ jọ yà á. Bí ọwọ́ yín bá tilẹ̀ wọ́, kò burú. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ mú ẹsẹ kan lónìí, ẹ pín in sí àpótí, kí ẹ sì ya ohun tí ẹ mọ̀ sínú rẹ̀: òkè ìlú yín, igi iwájú ilé yín, ilẹ̀kùn yàrá yín.

Àpótí mẹ́jọ náà ṣì wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa. Bàbá mi kun ilé ní Oṣù Kejìlá tó kọjá, ṣùgbọ́n ó ní kí kunlékunlé fi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ bó ṣe wà.